Ìpàdé Oṣooṣù Àwọn Tí Ń Kọ Kódù

Ẹgbẹ́ olùlo èdè kọ̀ǹpútà ni àkójọpọ̀ àwọn ará ìlú kan náà tí wọ́n ń fi èdè kan náà kọ kódù, ì báà jẹ́ Python, JavaScript tàbí PHP, tí wọ́n sì ń pàdé lóòrèkóòrè láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọ̀pọ̀ wọn ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn tàbí ọ́fíìsì tí ẹnì kan yọ̀ǹda. Wọn kì í sábà gba owó ìwọlé, wọn kì í pín ìwé ẹ̀rí, kò sì sí olùkọ́ tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ń fi fóònù kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nílé, àti ọ̀gá tó ti ń kọ kódù láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń jókòó pọ̀. Ẹni tó mọ̀ á sọ, ẹni tí kò mọ̀ á bèèrè. Tó bá fi máa di oṣù mélòó kan sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń bèèrè yẹn ni yóò dúró síwájú láti ṣàlàyé.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní 1955, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń gba odindi yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní agbègbè Los Angeles ní Amẹ́ríkà ń múra láti lo IBM 704. Wọ́n rí i pé kódù kan náà ni oníkálukú wọn fẹ́ jókòó kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún ìṣirò kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà. Wọ́n bá dá ẹgbẹ́ SHARE sílẹ̀, ẹni tó bá ti kọ tirẹ̀ tán á fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Iléeṣẹ́ tó ń bára wọn du ọjà ni wọ́n o, síbẹ̀ ìyẹn ò ní kí wọ́n má fọwọ́ sowọ́ pọ̀. SHARE ṣì wà títí di òní.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Homebrew Computer Club. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1975, nǹkan bí ènìyàn 32 kó ara wọn jọ sínú gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, ní California. Ohun tó kó wọn jọ ni Altair 8800, kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á fi ọwọ́ ara wọn tò pọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀, tí Lee Felsenstein ń darí rẹ̀, ọ̀nà méjì ló pín ìpàdé sí. Ní apá àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi hàn tàbí ohun tó ń wá á dìde, á sọ ọ́ ní ṣókí, á jókòó. Ní apá kejì, gbogbo wọn á dìde, oníkálukú á lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn án. Kò sí ètò kankan tó ṣiṣẹ́ fún ìpàdé irú èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òde òní tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gba gbogbo wákàtí mẹ́ta tún un wò. Nínú ẹgbẹ́ Homebrew ni Steve Wozniak ti fi kọ̀ǹpútà tó wá di Apple I han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì pín àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó fún ẹni tó bá fẹ́, láìgba kọ́bọ̀.

Inú ẹgbẹ́ yẹn náà ni ìjà ńlá kan ti bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 1976, Bill Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba kan tó fi fẹ̀sùn kan àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà pé púpọ̀ nínú wọn ń ṣe àdàkọ èdè BASIC tí òun àti àwọn akẹgbẹ́ òun kọ fún Altair, láìsanwó. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni kódù, àti ẹni tó láṣẹ láti pín in, wà lára ohun tó mú kí àwọn tó fẹ́ kí kódù wọn jẹ́ ti gbogbo ayé máa kọ ìwé àṣẹ mọ́ ọn lára. Python, tí Guido van Rossum ará Netherlands kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, wà nínú irú kódù bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni lè lò ó, lè yí i padà, lè fi ṣiṣẹ́ owó.

Ọwọ́ àwọn olùlo ni Python gbà dàgbà. Ní oṣù Kọkànlá 1994, nǹkan bí ogún ènìyàn péjọ sí Gaithersburg ní ìpínlẹ̀ Maryland láti sọ̀rọ̀ lórí èdè tuntun náà. Ní 2001 wọ́n dá Python Software Foundation sílẹ̀, tí a ń pè ní PSF, láti máa bójú tó o àti láti máa ran àwọn tí ń lò ó lọ́wọ́ káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Python Nigeria ṣe àpéjọ PyCon Nigeria ní Èkó ní 2017. PyCon Africa àkọ́kọ́ wáyé ní Accra, orílẹ̀-èdè Ghana, lóṣù Kẹjọ 2019. Ní 2025, àwọn ará Togo ṣe PyCon tiwọn ní Lomé.

Àpéjọ ńlá wọ̀nyí dára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò tí wọ́n sì ti ń gba sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n ìpàdé kékeré oṣooṣù ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń dàgbà. Ẹni tó lọ sí àpéjọ ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, yóò pàtẹ́wọ́, yóò padà sílé. Ẹni tó ń lọ sí ìpàdé oṣooṣù, wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró sí lóṣù tó kọjá, wọ́n á sì bi í pé ibo ló bá a dé.

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, iná ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìpàdé máa ń rò. Gbọ̀ngàn tó bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà sàn ju èyí tó rẹwà lọ. Ìdí rèé tí ibùdó bíi CcHUB ní Yaba, tó ní iná, íntánẹ́ẹ̀tì àti àga, fi wúlò fún ẹgbẹ́ púpọ̀ láti bí ọdún 2011. Lẹ́yìn iná ni wáyà. Bí ogójì ènìyàn bá gbé láptọ́ọ̀pù wá, ihò iná mẹ́rin ara ògiri kò lè ṣe nǹkan kan, ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n púpọ̀ ni wọ́n ní láti wá. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri bá jẹ́ ti àtijọ́, tí láptọ́ọ̀pù olùbánisọ̀rọ̀ sì jẹ́ tuntun, ẹnu wáyà wọn ò ní bára mu, ìdajì wákàtí sì lè gbà bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, òun náà sì ni ọjọ́ ìgbéyàwó àti ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń lo òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù fún ìmọ́tótó àyíká. Ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á mú ọjọ́ kan, bíi Sátidé kejì oṣù, kò ní yẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn á sì ti fi sọ́kàn.

Tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ṣàlàyé ohun kan fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kúkúrú oníṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni lè dìde sọ. Apá tó kù, èyí tí kì í hàn nínú ìwé ìpolongo, ni ó ṣe pàtàkì jù: àwọn ènìyàn á fa àga sún mọ́ ara wọn, wọ́n á ṣí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á máa wá ibi tí kódù ti dàrú.

Ká mú ọmọbìnrin kan tó ń kọ kódù tí yóò máa ṣírò owó àjọ. Ó tẹ 500 fún ẹni àkọ́kọ́, ó tẹ 500 fún ẹnì kejì, ó ní kí Python rò ó pọ̀. Dípò 1000, 500500 ló rí. Ẹni tó jókòó tì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi Python léèrè irú ohun tó gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ lo type." Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ó ní str ni." Ọ̀rọ̀ ti tán. Ohunkóhun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú input, ọ̀rọ̀ lásán, ìyẹn str, ni Python kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ méjì tí a bá sì rò pọ̀, ṣe ni yóò tò wọ́n tẹ̀ léra. Bó bá fi int yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí nọ́ńbà, 1000 yóò jáde. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn mú lọ sílé ju int lọ: ó ti rí bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń bi ẹ̀rọ léèrè ọ̀rọ̀ kó tó máa yí kódù kiri. Bí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ lórí aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe rí. Fídíò kì í fi í hàn, nítorí ẹni tó ń ṣe fídíò ti gé gbogbo ibi tó ti ṣìnà kúrò.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlú ẹni. Àwọn ìṣòro kan wà tó jẹ́ pé àwọn ará ibì kan ni wọ́n máa ń bá, àwọn náà ló sì mọ ojútùú wọn. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ́ṣẹ́ láìjẹ dátà tán wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń sanwó nǹkan òkèèrè nígbà tí káàdì náírà bá kọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó dùn ún rí jù lọ wà nínú orúkọ wa. Ká ní ẹnì kan kọ áàpù tí ń wá orúkọ nínú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Ó tẹ Gbọ́lá, áàpù ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbọ́lá sì wà níbẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn rí i.

Lẹ́tà márùn-ún ni ojú ń kà nínú Gbọ́lá. Mẹ́fà ni Python lè kà. Nínú Unicode, tó jẹ́ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, "á" ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó kó lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀. "Ọ́" kò ní irú rẹ̀: nọ́ńbà kan wà fún "ọ", àmì ohùn orí rẹ̀ sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù ẹlòmíràn bá tún ya gbogbo àmì, ti orí àti ti abẹ́, kúrò lára lẹ́tà, Gbọ́lá kan náà á di mẹ́jọ. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni wọ́n. Ojútùú rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ: kí a mú unicodedata tó wà nínú Python, kí a fi normalize sọ orúkọ inú ìwé àti èyí tí wọ́n tẹ̀ di irú kan náà, NFC, kí a tó fi wọ́n wéra. Ẹni tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ Python fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lè máà dárúkọ rẹ̀ rárá, nítorí èdè tirẹ̀ kò ní àmì. Ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin, ó yẹ kó wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ fi han ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Irú àìní bẹ́ẹ̀ náà ló bí Masakhane, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wọn, Yorùbá sì wà lára wọn.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di ọmọ ẹgbẹ́ rọrùn: yóò lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í lọ nítorí wọ́n rò pé àwọn kò tíì mọ tó. Èrò yẹn ń ṣe wọ́n ní ìjàm̀bá, nítorí ẹni tí kò tíì mọ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tètè mọ òun, kó tètè dé, kó bá wọn to àga. Ẹni tó bá ń to àga ń bá àwọn tó ṣètò ìpàdé sọ̀rọ̀ láìní í fi ara rẹ̀ hàn ní tipátipá, wọ́n á sì máa wá a tí kò bá wá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ohun kan ṣoṣo tó yé e lóṣù náà. Ìtàn 500500 tó fún un. Àwọn tó ń gbọ́ ọ, tí àwọn náà ń bá irú rẹ̀ yí nílé, máa ń jàǹfààní rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ó tún kù bí wọ́n ṣe ń bára wọn lò. Eric Holscher, tó wà lára àwọn tó dá Read the Docs sílẹ̀, fún àwọn tó ń lọ sí àpéjọ ní ìmọ̀ràn kan tó ti tàn káàkiri: bí àwọn ènìyàn bá dúró ní òbìrìkítí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, kí àlejò lè wọlé. Bí ẹnì kan bá sì ti wọ àyè yẹn, kí wọ́n tún sún, kí òmíràn ṣí. Ohun kékeré ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lè rí àṣìṣe nínú kódù ẹni tó tó bí i, kó sì panu mọ́ nítorí ọ̀wọ̀. Kódù kò mọ àgbà, àṣìṣe tí wọn kò bá sọ yóò dúró síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó dára kì í sọ pé kí ọmọdé má bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé kí wọ́n bá àwọn wo iṣẹ́ àwọn, ọmọdé á sì lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà keje wò," kò sì ní sí ẹni tí ojú yóò tì.

Àwọn obìnrin náà ní ìṣòro tiwọn nínú ẹgbẹ́. Nínú gbọ̀ngàn tí obìnrin kan ṣoṣo bá wà láàárín ọgbọ̀n ọkùnrin, kò dájú pé yóò tún wá. Nítorí èyí ni àwọn obìnrin kan ní Los Angeles fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ PyLadies ní 2011, tí Ola Sitarska àti Ola Sendecka, ọmọ Poland méjì, fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Django Girls àkọ́kọ́ ní Berlin, ní Jámánì, lóṣù Keje 2014. Ọ̀fẹ́ ni Django Girls, olùkọ́ni kan sì ni wọ́n sábà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Ìlànà yìí ti dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà. Ada Nduka Oyom dá She Code Africa sílẹ̀ ní 2016, òun àti Samson Goddy ló sì jọ dá Open Source Community Africa sílẹ̀, tó ṣe àjọ̀dún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó lóṣù Kejì 2020. Ìlànà ìwà tí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀, pé wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu tàbí fi obìnrin ṣe ẹlẹ́yà, kì í ṣe àṣejù. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí wọn yóò lọ fi ẹjọ́ sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé lásán ni.

Ohun tó sábà ń pa ẹgbẹ́ kì í ṣe àìlówó. Ẹni tó ń ṣe gbogbo nǹkan ló máa ń rẹ̀. Ẹnì kan náà ló ń wá gbọ̀ngàn, òun ló ń bẹ olùbánisọ̀rọ̀, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kan á ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn tàbí kó jápa lọ sí Britain tàbí Kánádà, ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì ẹgbẹ́ á sì bá a lọ. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta tó mọ ohun gbogbo, kí iṣẹ́ sì máa yí ká láàárín wọn. Ewu kejì ni ti iléeṣẹ́ tó bá gbé oúnjẹ wá. Oúnjẹ wọn dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ìpàdé di ibi ìpolówó ọjà, àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sílé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó iléeṣẹ́ tó bá sanwó oúnjẹ.

Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, ènìyàn mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kò nílò ààrẹ tàbí akọ̀wé, wọn kò sì nílò ankara ẹgbẹ́. Ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, ibì kan tó níná, àti ìbéèrè kan tí wọn yóò jọ yanjú tó wọn fún ìpàdé àkọ́kọ́. Kíláàsì tó ṣófo ní ilé-ìwé gíga, yàrá ìkàwé, tàbí ọ́fíìsì tí ọ̀gá ibẹ̀ bá gbà kí wọ́n lò ní Sátidé, gbogbo rẹ̀ dára. Kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n yanjú sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá wá lóṣù kẹfà yóò ní irú ìṣòro kan náà. Bí iye wọn bá ti pọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ohun tó ju agbára àpò wọn lọ, ẹgbẹ́ Python lè béèrè bóyá PSF, tó dá ètò ìrànlọ́wọ́ owó rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní 2025, ti tún ń gba ìwé. Bó bá ń gbà á, wọn yóò sọ ọjọ́ àti ibi tí ìpàdé yóò ti wáyé, iye ènìyàn tí wọ́n ń retí, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi náírà kọ̀ọ̀kan ṣe, ìlànà ìwà ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.